Ìtàn Amẹ́ríkà Nínú Ìwé Tí Ó Dùn-ún Kà

Ẹ̀yin àgbà ti ka Ìwé Kìíní àti Ìwé Kejì parí. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, pẹ́ńsùlù wúwo lọ́wọ́ yín ju àjẹ̀ ọkọ̀ lọ. Nísisìyí ẹ lè ka lẹ́tà tí ọmọ kọ láti Èkó. Ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ tí ń kọjá lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sábà máa ń bèèrè ni pé: "Kí ni kí á máa kà báyìí, kí ìwé má baà tún bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́?"

Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹ máa ka ohun tí ó dùn mọ́ yín. Ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ tí kò dùn kì í pẹ́ kí ó tó ṣan ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rí. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwé kan tí wọ́n dùn bí àlọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

1. Kí ló kan Gbaji kan Amẹ́ríkà?

Ẹlòmíràn á ní, "Àwa tí à ń gbé Gbaji, ẹja àti àgbọn ni tiwa. Kí ló kàn wá kan Amẹ́ríkà?" Ẹ gbọ́ ná.

Gbaji wà ní ojú ọ̀nà tí ó lọ láti Àgbádárìgì sí ibodè Sẹ̀mẹ̀. Òkun tí ó wà ní gúúsù wa yìí, òun náà ni ó lọ títí tí ó fi kan etí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní òdìkejì. Ẹni tí ó bá ti dé Àgbádárìgì ti lè rí àwọn ilé tí wọ́n tọ́jú ẹ̀wọ̀n ẹrú sí. Ó sì ti lè wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn lọ sínú ọkọ̀ òkun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kó láti etíkun wa dé Bràsíìlì. Àwọn mìíràn dé àwọn erékùṣù. Àwọn mìíràn sì dé ilẹ̀ tí a ń pè ní Amẹ́ríkà lónìí.

Àwọn tí ó ṣẹ́ kù nílé kò gbúròó wọn mọ́. Ìtàn wọn sì parí sétí omi lójú tiwa. Ṣùgbọ́n kò parí. Ó ń bá a lọ ní òdìkejì, àwọn kan nínú wọn sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka ìtàn Amẹ́ríkà ní Gbaji kò ka ìtàn àjèjì. Ìyókù ìtàn ilé ni ó ń kà.

2. Ọmọ tí ó gbé etí lé ìwé

Ní ọdún 1789, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olaudah Equiano tẹ ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé náà ó ní ọmọ ilẹ̀ Ìgbò ni òun. Ó ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá ni òun nígbà tí wọ́n wọlé wá jí òun àti arábìnrin òun gbé, nígbà tí àwọn àgbà ti lọ sóko. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Virginia ní Amẹ́ríkà.

Níbẹ̀ ó rí obìnrin dúdú kan tí ó ń se oúnjẹ nínú ilé olówó rẹ̀. Wọ́n ti fi irin dè é lẹ́nu, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè jẹ nínú ohun tí ó ń sè. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: kí ènìyàn máa ro ọbẹ̀, kí ó má lè tọ́ ọ wò! Ẹni tí ó bá ti ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan kò tún ní bèèrè ohun tí ẹrú jẹ́ mọ́.

Equiano tún sọ nǹkan kan tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ àgbà gan-an. Ó rí ọ̀gá rẹ̀ tí ń kàwé, ó sì rò pé ńṣe ni ìwé ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó gbé ìwé náà, ó bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbé etí lé e kí ó lè gbọ́ èsì. Ìwé dákẹ́. Ọkàn ọmọ náà bàjẹ́.

Èwo nínú wa ni kò mọ ìdákẹ́ yẹn? Ṣé ẹ rántí ìgbà tí wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ síwájú ènìyàn, tí wọ́n ní kí ó tẹ àtàǹpàkò sí i, tí ìwé náà kò sì sọ nǹkan kan fún un? Ṣùgbọ́n Equiano kọ́ ìwé. Ó ṣòwò díẹ̀díẹ̀, ó sì fi 40 pọ́n-ùn ra ara rẹ̀ padà ní ọdún 1766. Ìwé tí kò dá a lóhùn lọ́jọ́sí, òun fúnra rẹ̀ wá di ẹni tí ń kọ ọ́.

3. Ọkùnrin Yorùbá kan ní Alabama

Ìwé kejì ni ó sún mọ́ wa jù. Orúkọ ẹni tí ó ni ìtàn náà ni Oluale Kossola. Agbègbè Banté ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1841, ní ilẹ̀ tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Yorùbá ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí ni Cudjo Lewis.

Ní ọdún 1860, nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì wọ ìlú wọn ní ìdájí, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì de àwọn ìyókù. Wọ́n kó wọn rìn lọ sí etíkun ní Ouidah. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Gbaji, tí ó kọjá Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu, yóò dé Ouidah láàárín ọjọ́ kan. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe òpin ayé.

Ní Ouidah, wọ́n tì wọ́n mọ́ ilé àhámọ́ ẹrú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Barracoon ni àwọn òyìnbó ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni William Foster, ọ̀gá ọkọ̀ Clotilda, ti wá yan àwọn tí ó fẹ́ rà. Nǹkan bí 110 ènìyàn ni ó kó. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni Timothy Meaher, ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrú wọ ilẹ̀ náà láti òkè òkun mọ́. Bí olùkọ́ bá sọ fún wa pé, "1808, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," a ó kọ ọ́, a ó sì gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1860. Òru ni Foster mú ọkọ̀ rẹ̀ wọ odò ní Mobile. Wọ́n kó àwọn ènìyàn náà pamọ́ sínú igbó. Foster sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ìjọba má baà rí i. Èéṣe tí ó fi sun ọkọ̀ ara rẹ̀? Nítorí òfin 1808 ni. Ẹni tí ó bá ti rí iná yẹn kò tún ní gbàgbé ọdún náà mọ́. Bí ìwé tí ó dùn ṣe ń kọ́ni ní ìtàn nìyẹn.

Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni Kossola fi ṣe ẹrú, tí ó ń ru igi sínú ọkọ̀ ojú omi. Láàárín ìgbà yẹn ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn, àwọn ará àríwá àti àwọn ará gúúsù. Ọ̀rọ̀ ẹrú ni ó fà á. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ó sì parí ní 1865. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, àwọn sójà àríwá rí Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì sọ fún wọn pé wọ́n ti di òmìnira.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rò ni ilé. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò tó. Wọ́n bá yan Kossola kí ó lọ bá Meaher sọ̀rọ̀, kí ó fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ni ó mú wọn kúrò lórí ilẹ̀ tiwọn. Meaher kọ̀. Wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó. Wọ́n sọ ọ́ ní African Town, èyí ni Ìlú Áfíríkà. Ibẹ̀ wà ní Mobile títí di òní, Africatown ni wọ́n ń pè é báyìí.

Kossola fẹ́ ìyàwó, ó bí ọmọ mẹ́fà. Gbogbo wọn ni ó pàdánù. Ó ku òun nìkan nínú ilé nígbà tí obìnrin dúdú ọ̀mọ̀wé kan, Zora Neale Hurston, wá kí i ní ọdún 1927. Hurston pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Bàbá náà bú sẹ́kún. Ó ní kò sí ẹni tí ó ń pe òun ní orúkọ tí òun mú ti òdìkejì òkun wá mọ́. Hurston gbé èso wá fún un. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n jọ jẹ bàrà olómi láì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ó ní òun kò ráyè, òun ní ọgbà láti ro. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fi sọ ìtàn náà, bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀.

Hurston kọ ìwé náà parí ní ọdún 1931. Ó kọ ọ̀rọ̀ bàbá náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ tún un kọ. Ó kọ̀, nítorí èdè bàbá náà jẹ́ ara ìtàn rẹ̀. Kossola kú ní 1935, Hurston kú ní 1960, ìwé náà kò sì jáde àfi ní ọdún 2018. Barracoon ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 2019, àwọn onímọ̀ jẹ́rìí sí i pé àwọn ti rí àjókù ọkọ̀ Clotilda nísàlẹ̀ odò ní Mobile.

Èéṣe tí Kossola fi gbà láti sọ̀rọ̀? Ó sọ ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n mú orúkọ òun padà sí ilẹ̀ Áfíríkà, bóyá ẹnìkan yóò gbọ́ ọ níbẹ̀ kí ó sì wí pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni bàbá yìí ń ránṣẹ́ sí? Àwa ni. Ó dúró ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó dé etí wa.

Ìwé náà kò sì tàn wá jẹ. Òyìnbó ni ó rà á, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ni ó mú un, òun ni ó sì tà á. Àwọn ọlọ́rọ̀ kan ní etíkun wa níhìn-ín náà ṣe òwò yìí. Ọ̀rọ̀ náà korò. Bí a bá ń ka ìtàn, a kò gbọdọ̀ ka èyí tí ó bá wa lára mu nìkan.

4. Búrẹ́dì fún lẹ́tà

Ní ìpínlẹ̀ Alabama tí wọ́n kó Kossola lọ, òfin kan wà láti ọdún 1832. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́ ẹrú ní ìwé yóò san ó kéré tán 250 dọ́là, ó sì lè tó 500. Owó ńlá ni nígbà náà. Ẹ bi ara yín pé: kí ni wọ́n ń bẹ̀rù nínú A, B, D?

Ìwé Frederick Douglass dá ìbéèrè yìí lóhùn. Ní 1845 ni ó tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde. Wọ́n bí i sí oko ẹrú ní Maryland ní 1818. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n rán an lọ sí ìlú Baltimore. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní lẹ́tà. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó bínú, ó ní bí ẹrú bá ti mọ̀wé, kò ní ṣeé fi ṣe ẹrú mọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé: nígbà náà, ìwé ni ọ̀nà àbájáde.

Kí ló wá ṣe? Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, á mú búrẹ́dì dání. Àwọn ọmọ òyìnbó tálákà wà ní àdúgbò tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀wé díẹ̀. Ó ń fún wọn ní búrẹ́dì, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀. Ní 1838 ó sá lọ sí àríwá. Nígbà tí ó yá, ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó sì fi ẹnu àti kálàmù bá oko ẹrú jà títí ó fi wó lulẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka ìwé yìí tán yóò mọ ìdí tí a fi ń wí pé ìwé mímọ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

5. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́

Booker T. Washington náà jẹ́ ẹrú nígbà èwe rẹ̀. 1856 ni wọ́n bí i, ní Virginia. Ìwé rẹ̀, Up from Slavery, jáde ní 1901, ó sì tàn káàkiri ayé. Lẹ́yìn òmìnira, òun àti ọkọ ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń se iyọ̀. Nọ́ńbà 18 ni wọ́n ń kọ sára àgbá iyọ̀ ọkọ ìyá rẹ̀. Kí ó tó mọ lẹ́tà kan, ó ti mọ 18. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó wá ìwé A, B, D kan fún un.

Ibi tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kà nínú ìwé náà ni ibi tí ó ti sọ nípa ìgbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní ńṣe ni ó dà bí ẹni pé gbogbo àwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn arúgbó tí wọ́n ti tó àádọ́ta ọdún, títí dé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n lè fi ojú ara wọn ka Bíbélì kí wọ́n tó kú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi yín ṣẹ̀sín pé ẹ dàgbà jù fún ìwé, ẹ sọ fún un pé ẹ kọ́ ni ẹ̀yin àkọ́kọ́.

Washington rin ìrìn àjò nǹkan bí 800 kìlómítà ní 1872, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀, kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́ Hampton. Ìdánwò tí wọ́n fi gbà á wọlé ni pé kí ó gbá yàrá kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó nù ún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní 1881 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀ ní Alabama. Àwọn ènìyàn Tuskegee sì dé etíkun tiwa yìí: nígbà tí ọdún 1900 ń parí lọ sí 1901, mẹ́rin nínú wọn gúnlẹ̀ ní Lomé, ní Tógò, tí ó wà lábẹ́ àwọn Jámánì nígbà náà, láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀gbìn òwú.

Ṣùgbọ́n ìjà lórí ìwé kò tíì tán ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Títí di ọdún 1965, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù kan ṣì ń lo ìdánwò ìwé kíkà láti fi dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ìbò dídì. Òfin ọdún 1965 ni ó dá a dúró.

6. Adùn kì í ṣe ẹ̀rí

Ìwé kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn ju gbogbo èyí lọ. Roots ni, èyí ni Gbòǹgbò. Alex Haley ni ó kọ ọ́ ní 1976. Ó sọ ìtàn Kunta Kinte, ọmọ abúlé Juffure ní Gáńbíà, tí wọ́n mú nígbà tí ó lọ wá igi tí yóò fi gbẹ́ ìlù. Haley ní bàbá ńlá òun ni. Ní 1977 wọ́n fi ìwé náà ṣe eré tẹlifíṣọ̀n, àìmọye ènìyàn ní Amẹ́ríkà ni ó sì wò ó.

Nígbà tí àwọn òpìtàn yẹ ìwé náà wò, wọ́n rí i pé àwọn ibì kan kò dúró. Ẹ̀rí pé Kunta Kinte ni bàbá ńlá Haley kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òǹkọ̀wé mìíràn, Harold Courlander, pe Haley lẹ́jọ́, Haley sì gbà pé àwọn ọ̀rọ̀ kan láti inú ìwé Courlander wọ inú ìwé òun. Wọ́n fi owó parí ẹjọ́ náà ní 1978. Ìwé Equiano náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn: wọ́n rí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ti ọdún 1759 ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó sọ pé Carolina ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ṣé kí á wá sọ àwọn ìwé náà nù? Rárá o. Ẹ wo ìwé tiwa. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà láti inú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970. Nínú eré náà, Ìyálóde gbé májèlé jẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa á lóru, ní 1874, ọ̀tá rẹ̀ nílé ìjọba sì ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Eré náà dùn, ó sì ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka eré nìkan kò tíì gbọ́ ẹjọ́ Ìyálóde tán. Àwọn àgbà ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

7. Bí a ṣe ń dá ìwé dúró

Gbogbo ẹni tí ń rin ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ mọ àwọn aṣọ́bodè. Wọn a dá ọkọ̀ dúró, wọn a bèèrè pé: Níbo lo ti ń bọ̀? Kí lo kó? Ìwé ẹ̀rí ẹ dà? Ẹ fi ojú aṣọ́bodè wo ìwé ìtàn pẹ̀lú. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin:

Èkíní: Ta ni ó kọ ọ́? Ṣé ojú rẹ̀ ni ó fi rí i, tàbí wọ́n sọ ọ́ fún un? Douglass fi ojú rí i. Hurston gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó fi ojú rí i. Haley gbọ́ ọ lẹ́yìn igba ọdún.

Èkejì: Nígbà wo ni ó kọ ọ́? Ohun tí a kọ lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí a kọ nígbà ogbó kì í rí bákan náà.

Ẹ̀kẹta: Ta ni kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Nínú ìwé Kossola, a kò gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà.

Ẹ̀kẹrin: Ìwé mìíràn wo ni ó jẹ́rìí sí i? Àjókù Clotilda nísàlẹ̀ odò jẹ́rìí Kossola.

Ìwé tí ó bá dáhùn dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó kọjá. Èyí tí kò bá dáhùn tán, ẹ ṣì lè gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi búra.

8. Bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Òótọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé wọ̀nyí. Kí ìyẹn má dá yín dúró. Ẹ pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kí ó máa ka ojú ewé méjì lálẹ́, kí ó sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá tàbí Ègùn. Ẹ̀yin ẹ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kí ẹ kọ ìlà mẹ́ta nípa ohun tí ẹ gbọ́: orúkọ kan, ibì kan, ọdún kan. Ọmọ yóò jèrè, ẹ̀yin náà yóò jèrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Kossola, nítorí kò gùn, àti nítorí pé òun ni ó ń wá wa.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá kà á parí, ẹ pe orúkọ rẹ̀ sókè nínú ilé yín: Oluale Kossola. Ohun tí ó bèèrè kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ kọ àwọn ọdún wọ̀nyí sínú ìwé yín

1619: Wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà bí ogún dé Virginia.
1776: Amẹ́ríkà kéde pé òun kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́.
1808: Òfin dá kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà láti òkè òkun dúró.
1860: Clotilda kó Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Mobile.
1861 sí 1865: Ogun láàárín àríwá àti gúúsù.
1865: Òfin fi òpin sí ẹrú níní ní gbogbo Amẹ́ríkà.
1965: Òfin dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú láti dìbò.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó le

Àhámọ́: ibi tí a ti ènìyàn mọ́, tí kò lè jáde.
Àjókù: ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí iná jó nǹkan.
Atẹ̀wé: ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé jáde.
Òpìtàn: ẹni tí ó mọ ìtàn, tí ó sì ń wádìí rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni Equiano rò pé ìwé ń ṣe nígbà tí ó rí ọ̀gá rẹ̀?
2. Èéṣe tí Foster fi dáná sun ọkọ̀ rẹ̀?
3. Kí ni Hurston kọ̀ láti ṣe fún àwọn atẹ̀wé? Ṣé ó tọ̀nà lójú yín?
4. Kí ni Douglass fi ra ẹ̀kọ́?
5. Ọ̀nà wo ni eré Ẹfúnṣetán àti ìwé Johnson gbà yàtọ̀ síra?
6. Ẹ bi àgbà kan ládùúgbò yín ní ìtàn kan nípa ìgbà òwò ẹrú ní agbègbè Àgbádárìgì. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà mẹ́wàá bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ìtàn náà ní ìbéèrè mẹ́rin ti aṣọ́bodè.